Ọgbọ́n Tí A Fi Tú Ṣọ́ọ̀kì Ọkọ̀ Eré Kan ní Abúlé Òkúta

(Àsọyé tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpèjọ ọdún yìí. Ó ní kí a má kọ orúkọ òun sí i, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ òun nínú wa.)

  Ọdún 1974 la wọ ilé-ìwé yìí, tí báàgì ìwé wúwo ju ẹni tó gbé e lọ. Lónìí, ewú ti gba orí àwọn kan, orí àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ní irun mọ́ tí ewú máa rí hù sí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí akọ̀wé wa wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé èmi ni mo máa sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tó jẹ́ pé dókítà ló ń sọ̀rọ̀ níbí, lọ́yà ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀gá báńkì ló ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún kan, ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru sọ ọ́ débi pé ẹ̀jẹ̀ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Kí ni mẹkáníìkì fẹ́ wá sọ? Akọ̀wé ní, "Sọ ohun tí o mọ̀." Ohun tí mo mọ̀ náà nìyí: bí a ṣe ń tú ṣọ́ọ̀kì lára ọkọ̀ nígbà tí irinṣẹ́ tó yẹ kò sí lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé sójú pátákó ni mò ń wí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà máa wọ inú ọ̀rọ̀ yìí kí n tó jókòó.

Láàárọ̀ yìí, bí a ṣe ń bọ ara wa lọ́wọ́ lẹ́nu géètì, ọ̀kan nínú yín di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ẹ̀rín rẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Ó wo ìka mi, ó tètè gbójú kúrò. Òun nìkan kọ́. Orí ìka méjì ti lọ lọ́wọ́ yìí, ẹ sì ti ń rí i láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ ò bèèrè. Ẹ ṣeun fún ìtìjú yín. Ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́ lónìí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá ti bẹ̀rẹ̀.

BÍ MO ṢE DÉ ABẸ́ ỌKỌ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí dáadáa rántí pé n kò bá yín ṣe ìdánwò àṣekágbá. A wà ní Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀ ní 1978 nígbà tí bàbá mi kú, owó ilé-ìwé sì di ohun tí apá ìyá mi nìkan ò ká. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, Alhaji Lateef Jakande di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì dé. Òjò rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ mo ti ká igbá tèmi kúrò níta. Nígbà yẹn, mo ti wà lábẹ́ ọ̀gá kan tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, mò ń fi pẹtiróòlù fọ páàtì.

Ìgbà ọkọ̀ Ìjàpá àti Peugeot 504 ni. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ọdún yẹn kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Kaduna. Nígbà tí mo fi wọ iṣẹ́, kò sí àdúgbò tí ẹ ò ti ní rí méjèèjì. Wọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi pé ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí àwọn tó ń wakọ̀ láti ogójì ọdún sẹ́yìn ṣì máa ń ṣì í mú. Ọ̀pọ̀ rò pé ṣọ́ọ̀kì ló ń gbé ọkọ̀ dúró. Rárá o. Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ló ń pẹ̀tù sí sípíríǹgì nínú. Tí táyà bá já sí kòtò, sípíríǹgì á fẹ́ máa jó lọ jó bọ̀ bí ọmọdé tó gbọ́ ìlù. Inú ṣọ́ọ̀kì ni ọ́ìlì wà. Ihò tóóró ni ọ́ìlì yìí ń gbà kọjá, kò lè sáré, ìjó yẹn á sì rọlẹ̀. Agbára ìjó náà kò ṣòfò o, ó di ooru. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀kì fi máa ń gbóná tí ẹ bá ti gba ọ̀nà burúkú lọ jìnnà.

Ó dáa. Lára Ìjàpá, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò jọ sínú páìpù, tó ń lọ́ra, ló ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì níwájú. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀. Ẹ tú u, ẹ yọ ọ́, kò sí ohun tó máa ta sí yín lójú. Ṣùgbọ́n lára 504, sípíríǹgì níwájú rọ̀gbà yí ṣọ́ọ̀kì ká, wọ́n ti fún un pọ̀ sínú àyè kékeré, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó wà lókè ló sì dè é mọ́lẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà tí a fi ń gbá sípíríǹgì yẹn mú kí a tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì náà. Láìsí i, ẹ máa jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ní 1982, ọ̀gá mi rìnrìn àjò lọ sílé. Ọkọ̀ 504 kan dé, ẹni tó ni í ń kánjú. Ọ̀kan ṣoṣo ni irinṣẹ́ tí mo wí yìí ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹnì kan sì ti yá a lọ. Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́ta, tí mo ti ń rò pé ohun tí ọ̀gá mọ̀ kù díẹ̀ kó tán, mo ní kò sí wàhálà. Mo wá wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń so irin kọ́ńkéré, mo fi so sípíríǹgì náà lójú méjì. Mo tú odidi rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀, ó dúró. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ ń kọrin. Mo gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì òkè, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún di sípíríǹgì mú.

Bí nọ́ọ̀tì ṣe bọ́, wáyà já. Ó dún bí ìbọn. Sípíríǹgì fò lọ lu òrùlé páànù wa, ó sì dá ihò sí i. Ká ní orí mi ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Ọwọ́ mi ló gbá lọ.

Ẹ gbọ́ o: n kò di ẹ̀bi yìí ru ọ̀gá mi, n kò dì í ru ẹni tó yá irinṣẹ́, n kò sì dì í ru wáyà. Wáyà kì í ṣe ohun burúkú, a ń fi ṣe nǹkan púpọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àṣìṣe mi ni pé mo mọ ohun tí mo fi so ó, n kò mọ agbára ohun tí mo so. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Sà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ wa ní físíìsì, mo rí yín níwájú níbẹ̀ yẹn. Ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé rúlà igi lé orí pẹ́ńsù, tẹ́ ẹ to kọ́ìnì mẹ́ta sí tòsí pẹ́ńsù lápá kan, tẹ́ ẹ sì fi kọ́ìnì kan ṣoṣo gbé wọn sókè láti òpin apá kejì? Ẹ ní agbára kékeré tó dúró lókèèrè lè gbé ẹrù ńlá tó wà nítòsí. Orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni mo wà lọ́jọ́ náà, mò ń jẹ gúgúrú lábẹ́ tábìlì. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti wá rántí rúlà yẹn. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì gbàgbé rẹ̀.

ỌKỌ̀ ERÉ DÉ

Mo gba ìyọ̀ǹda, mo sì dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ ní Abúlé Òkúta ní 1987. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó lọ sí Lẹ́kí, ẹ má gbàgbé ibẹ̀ o: Bàrígà níhìn-ín, Gbàgádà lọ́hùn-ún, Ṣómólú lẹ́yìn wa níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í sùn. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò SAP dé ní 1986, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, ọkọ̀ tí à bá ti jù nù di ohun tí à ń tún ṣe. Ẹni tí kò bá lè dọ́gbọ́n sí irinṣẹ́ nígbà yẹn, ebi ló máa pa á.

Ní ọjọ́bọ̀ kan ní 1996, wọ́n fa ọkọ̀ pupa kékeré kan wọlé. Àwọn ọmọ àdúgbò yí i ká. Ọ̀kan bèèrè pé, "Ọ̀gá, níbo ni ìyókù rẹ̀ wà?" Ọkọ̀ MG ni, oríṣi tí wọ́n ń pè ní MGB, ìjókòó méjì péré, kò ní òrùlé irin. Ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Láti 1962 títí di 1980 ni wọ́n fi ń ṣe oríṣi rẹ̀, wọ́n sì ṣe é tó ìdajì mílíọ̀nù. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí ìyẹn ń sọ: ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, tí a bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọkọ̀ yìí ti wà l'Ékòó ṣáájú ọjọ́ náà.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni í. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé, ọ̀túnla ọjọ́ tó gbé e wá. Bàbá ní ọkọ̀ tí òun fi gbé ìyá ọmọ náà níyàwó ni òun máa fi gbé ọmọ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ọwọ́ tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, imú ọkọ̀ jó lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dúró. Ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ yè kooro, ẹ̀ẹ̀kan ló máa gòkè, á sì dákẹ́. Ọmọ bàbá tó wà ní London ti fi ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin tí wọ́n tún ṣe ránṣẹ́. Ohun tó kù ni ká tú ti àtijọ́, ká fi tuntun sí i.

Mo ní kò le. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo wá ṣọ́ọ̀kì tó gùn bíi páìpù, n kò rí i. Ohun tí mo rí ni àpótí irin kékeré kan tí wọ́n fi bóòtù mẹ́rin dè mọ́ orí irin ìdábùú, apá irin méjì sì yọ lára rẹ̀, ó lọ di orí ẹsẹ̀ táyà mú. Mo wò ó títí. Ó wá yé mi: apá yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀kì! Bí táyà bá gòkè, apá á gòkè, á sì máa ti ọ́ìlì nínú àpótí. Ẹ ronú nípa ẹni tó jẹ́ ọlọ́dẹ ilé, tó tún jẹ́ òpó ilé. Tí ẹ bá lé ọlọ́dẹ lọ, ilé wó. Tí ẹ bá tú ṣọ́ọ̀kì yìí láìronú, kò sí ohun tó máa di ẹsẹ̀ táyà mú lókè mọ́, sípíríǹgì tó ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ á sì fò jáde. Ẹrù tí sípíríǹgì yẹn ń gbé ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ dáadáa.

Ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, àwọn tí kò sí níbẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Mo jáde, mo jókòó. Mo sọ fún àwọn ọmọọṣẹ́ mi pé a ò ní fọwọ́ kan bóòtù kankan títí tí a ó fi mọ ohun tí bóòtù kọ̀ọ̀kan ń dì mú. Bàbá ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi. Tí a bá kánjú, ẹ̀jẹ̀ la máa fi bá yín ṣe ìyàwó." Ó lọ.

OHUN TÍ A FI DÍPÒ IRINṢẸ́

Ohun mẹ́rin ni a kò ní. Mo fẹ́ kà wọ́n fún yín.

Àkọ́kọ́, sípánà. Mìlímítà ni tiwa, torí ọkọ̀ Jámánì, ti Faransé àti ti Japan là ń tún ṣe. Ìǹṣì ni ti ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Ẹ mú bóòtù tí orí rẹ̀ jẹ́ 9/16 ìǹṣì. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, mìlímítà 14.29 ni. Sípánà 14 kò wọ̀ ọ́, sípánà 15 á máa yí lórí rẹ̀, á jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù. Mo gé díẹ̀ lára abẹ́ ayùn irin, mo yún eyín rẹ̀ kúrò, mo tì í bọ àárín bóòtù àti sípánà 15. Abẹ́ ayùn yẹn nípọn tó bíi mìlímítà 0.63. Ẹ rò ó pọ̀ mọ́ 14.29, ẹ máa rí i pé ó kù díẹ̀ kó pé 15. Ó mú ṣinṣin. Kíkéré ni abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ṣùgbọ́n ìpata ti mú bóòtù náà láti ọjọ́ pípẹ́. Sípánà wa gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20. A ki páìpù omi bọ̀ ọ́ nídìí títí ó fi di 60. Sà, rúlà yín rèé: agbára apá kan náà di ìlọ́po mẹ́ta. Àmọ́ rúlà náà ló kìlọ̀ fún mi. Tí agbára bá di ìlọ́po mẹ́ta fún mi, ó di ìlọ́po mẹ́ta fún bóòtù náà, ó sì lè já sínú ihò rẹ̀. Nítorí náà, kẹrosíìnì la kọ́kọ́ bu sí gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́bọ̀, a sì jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Láàárọ̀, a kọ́kọ́ dè é díẹ̀ sí i kó lè gbọ̀n kúrò nínú ìpata, ká tó yí i sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀. Tí bóòtù bá ń dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́, ó ń bọ̀. Tó bá rọ̀ lójijì bí ṣingọ́ọ̀mù tí kò dún, ẹ dáwọ́ dúró, ó fẹ́ já nìyẹn.

Èkejì, ohun tí ọkọ̀ máa dúró lé. Ọmọọṣẹ́ kan sáré lọ gbé búlọ́ọ̀kù wá. Mo ní kó dá a padà. Òkúta ni orúkọ àdúgbò wa lóòótọ́, àmọ́ a kì í fi òkúta gbé ọkọ̀ tí èèyàn fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù lè gbé ògiri fún àádọ́ta ọdún nítorí pé gbogbo ara rẹ̀ ni ògiri fi tẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni irin ọkọ̀ máa ń tẹ̀, búlọ́ọ̀kù á sì fọ́ yángá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Igi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Igi máa ń ké kó tó ṣẹ́. A ní ìtì ìrókò tí mo rà ní Òkò Bàbá, Èbúté Mẹ́tà, níbi tí wọ́n ti ń la igi nígbà náà. A tò wọ́n ní ìdábùú lé ara wọn bí igi ìdáná, a gbé irin ìdábùú ọkọ̀ lé e, a fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn kó má baà yí. Ibẹ̀ ni òkúta ti wúlò.

Lẹ́yìn náà, a gbé jáàkì sábẹ́ àwo irin tí sípíríǹgì jókòó lé, a sì gbé e sókè títí tí apá ṣọ́ọ̀kì fi gòkè kúrò lórí rọ́bà tó máa ń fi ẹsẹ̀ lé. Nígbà yẹn, jáàkì ló ń gbá sípíríǹgì mú, ṣọ́ọ̀kì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrù. Jáàkì yẹn kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ títí tí ṣọ́ọ̀kì tuntun fi máa wọlé, tí a sì máa dè é tán. Mo tún fi ìtì ìrókò kan sábẹ́ àwo náà, mo fi àyè ìka kan péré sílẹ̀ láàárín wọn.

Mo wá mú ṣọ́ọ̀kì olùkọ́, ṣọ́ọ̀kì funfun, mo fi fa ìlà sára ọ̀pá jáàkì níbi tó ti yọ jáde. Mo pe ọmọọṣẹ́ tó kéré jù, tí kò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o máa wo ìlà yìí. Bí o bá tiẹ̀ ń fi ọwọ́ bá mi di nǹkan mú, kí ojú rẹ má kúrò níbẹ̀."

Ẹ̀kẹta, irin tí a fi máa lu bóòtù gígùn tó gba inú orí ẹsẹ̀ táyà kọjá. Tí ẹ bá fi òòlù lù ú lásán, ẹnu rẹ̀ á wú, kò ní jáde mọ́. Mo ránṣẹ́ sí aládùúgbò mi tó ń tẹ̀wé, ó fún mi ní irin tó wà láàárín rólà tó ti gbó, ó gún régé. A gé e, a fi fáìlì jẹ ẹnu rẹ̀ dọ́gba, a fi nọ́ọ̀tì àtijọ́ bo ẹnu bóòtù kí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ìlù mẹ́ta, ó mì. Lẹ́yìn náà, a yọ nọ́ọ̀tì kúrò, a fi irin rólà tì í jáde. A fi okùn so họ́ọ̀bù rọ̀ kí ó má baà fi rọ́bà bíréèkì ṣe okùn.

Ó wá ku bóòtù mẹ́rin òkè. Mo tú mẹ́ta. Ọmọ náà fi ọwọ́ ọ̀tún bá mi di ṣọ́ọ̀kì mú láti ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíríǹgì. Mo gbé sípánà lé ìkẹrin. Ó ní, "Ọ̀gá, ìlà yẹn ti wọlé."

Mo ní kó yọ ọwọ́. Ó yọ ọ́. A dúró, a ń wò ó. Ọ́ìlì ń jò nínú jáàkì wa, ó ń sọ̀kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí a gbọ́. Àwo sípíríǹgì bá a sọ̀kalẹ̀, ó sì jókòó lé ìtì ìrókò náà. Igi ké kẹ́rẹ́, ó gbé e dúró. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo ka ìka rẹ̀. Ó pé márùn-ún. Mo lọ jókòó sórí táyà kan, n kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n rò pé oòrùn ló pa mí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èmi ni mo mọ ìdí tó fi yẹ ká fa ìlà, òun ni ó rí i. Jáàkì mìíràn la yá ká tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yìn ọkọ̀. Níbẹ̀, apá ṣọ́ọ̀kì so mọ́ irin kékeré kan tí ìdí rẹ̀ rí bíi kóónù, tó wọ inú ihò tó bá a mu rẹ́gí. Tí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, kò ní jáde bọ̀rọ̀, ó ti há. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un kò sí ní ọ̀dọ̀ wa. Òòlù méjì la lò. A fi èyí tó wúwo ti ẹ̀gbẹ́ ojú ihò náà lápá kan, a fi èkejì lu apá kejì, tààrà, lẹ́ẹ̀kan. Ojú ihò náà á yẹ̀ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kóónù á sì fò jáde. Ẹ̀gbẹ́ ihò ni a ń lù o, kì í ṣe ẹnu bóòtù. Ìlù kejì ló bọ́.

Kí a tó dé e padà, ọmọọṣẹ́ kan fẹ́ bu ọ́ìlì bíréèkì sínú ṣọ́ọ̀kì tuntun. Mo ní rárá, ọ́ìlì bíréèkì máa ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Ọ́ìlì tí wọ́n ń bu sínú fọ́ọ̀kì iwájú ọ̀kadà, èyí tí a kọ 20 sí lára, ló bá a mu. Ìyẹn ò ṣòro rí ní Bàrígà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, bàbá dé. Ó tẹ imú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Bàbá náà dákẹ́. Ó kàn ń fi ọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni ń pa orí ọmọ. Ní Sátidé, ọkọ̀ náà gbé ìyàwó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, àwa pẹ̀lú gírísì lára ń juwọ́.

OHUN TÍ MO WÁ BẸ̀ YÍN

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo ó. Wáyà la lò ní 1982, abẹ́ ayùn, irin rólà, ìtì igi àti ṣọ́ọ̀kì olùkọ́ la lò ní 1996. Ọgbọ́n orí ni méjèèjì. Kí ló wá mú kí ìka bọ́ lọ́jọ́ kìíní, tí kò sì bọ́ lọ́jọ́ kejì? Lọ́jọ́ kejì, a ti bi ara wa léèrè agbára ohun tí a fẹ́ tú, a sì fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ de ìgbà tí ọgbọ́n wa bá kùnà. A lè fi nǹkan mìíràn dípò irinṣẹ́. A ò lè fi nǹkan mìíràn dípò ìmọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀. Ìkíní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀: tí mẹkáníìkì yín bá ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ má fi ìkánjú tì í. Ọmọ ọlọ́mọ kan lè wà lábẹ́ ọkọ̀ yín.

Ìkejì, yàrá tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nílé-ìwé wa, mo yọjú wò ó láàárọ̀ yìí, àga tó ti ṣẹ́ ni wọ́n kó síbẹ̀. Owó tí a fẹ́ fi ra aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká fi ra fáìsì, sípánà àti jáàkì tí kò jò sí yàrá yẹn. Aṣọ ti ọdún yìí ṣì dára lára wa.

Ìkẹta, ẹ̀yin olùkọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ físíìsì níbí lónìí, ẹ máa kó àwọn ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Abúlé Òkúta lẹ́ẹ̀kan ní táàmù. N kò gba kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí rúlà yẹn lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọọṣẹ́ mi gbọ́ ọ lẹ́nu yín, torí ọ̀pọ̀ wọn ni ó kúrò nílé-ìwé bíi tèmi, kí wọ́n tó dé ojú ìwé tí ì bá gba ìka wọn là.

Ọmọ tó rí ìlà ṣọ́ọ̀kì lọ́jọ́ náà ti di ọ̀gá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ mìíràn níṣẹ́. Nígbà tí mo lọ kí i, mo rí ìlà funfun lára gbogbo jáàkì rẹ̀. Ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé.

Sà, ẹ ṣeun fún rúlà. Ẹ forí jì mí nítorí gúgúrú. Ọlọ́run á jẹ́ ká tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀, a ò ní dín, a ó máa lé sí i ni. Tí a bá sì bọ ara wa lọ́wọ́ lẹ́nu géètì nígbà náà, ẹ má gbójú kúrò lára ìka mi mọ́. Ẹ kàn ní kí n kú iṣẹ́.